Ìwé Tí Ó Wà Nínú Ilé

 

Àwọn ọmọ ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Láti ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá ni a ti ń rí wọn ní ìgboro, tí àpò ìwé kọ́ wọn lẹ́yìn, tí inú wọn ń dùn bí ẹni tí a tú sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Ó di oṣù Kẹsàn-án kí wọn ó tó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà kejì, ìyá kan tí ó ní ọmọ mẹ́rin dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, «Fadá, ẹ dákun, ìwé wo ni kí n rà fún àwọn ọmọ wọ̀nyí tí wọn yóò máa kà? Fóònù ti fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi tán.» Ebi ń pa wá, oòrùn sì ti mú. A dá a lóhùn kíákíá pé kí ó ra èyí tí àwọn olùkọ́ bá kọ sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n lè múra sílẹ̀ de ìdánwò. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Kí a tó dé ìdí oúnjẹ ni ọkàn wa ti ń dá wa lẹ́bi pé ẹni tí ó béèrè àkàrà ni a fi òkúta fún. Ìyá yìí kò béèrè ọ̀rọ̀ ìdánwò lọ́wọ́ wa. Ohun tí ó béèrè ni ìwé tí ọmọ yóò kà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mú un ní dandan. Ọ̀rọ̀ òní ni èsì tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè, a sì gbàdúrà pé kí ó wà nídìí rédíò rẹ̀.

Orí ibùsùn ọkùnrin kan tí ó fara pa ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, Ìjọ máa ń ṣe ìrántí Mímọ́ Ignatius ará Loyola, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn Jésúìtì sílẹ̀. Ní ọdún 1521, ọkùnrin yìí kò tíì di ẹni mímọ́ rárá. Jagunjagun ni, ọmọ ìdílé ọlọ́lá ní ilẹ̀ Basque ní Spéènì, ẹni nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí ó fẹ́ràn aṣọ olówó ńlá, òkìkí, àti ojú rere àwọn obìnrin ààfin. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Faransé kọlu ilé odi ìlú Pamplona, ọta àgbá kan sì fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé e padà sí ilé wọn ní Loyola. Àwọn oníṣègùn to egungun náà, kò tò dáradára. Wọ́n tún un ṣẹ́, wọ́n tún un tò. Nígbà tí ó ń jinná, egungun kan yọ síta ní ìsàlẹ̀ orúnkún, èyí tí kò ní jẹ́ kí bàtà gígùn àwọn ọlọ́lá bá a lẹ́sẹ̀ mu mọ́. Ó ní kí wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ kúrò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn akunnilóorun ní ayé ìgbà náà. Nítorí bàtà ni o! Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di géńdé nínú ilé, a mọ̀ pé èyí kò ní yà á lẹ́nu.

Ara rẹ̀ wá ń yá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè dìde. Ìsinmi tí kò tọrọ ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun wá ìwé, irú àwọn ìtàn akọni orí ẹṣin àti ìtàn ìfẹ́ tí ó gbòde ní àkókò náà. Wọ́n wá gbogbo inú ilé, wọn kò rí ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n rí ni wọ́n gbé wá fún un. Ọ̀kan jẹ́ ìtàn ìgbé ayé Krístì tí mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Ludolph ará Saxony kọ, èkejì sì jẹ́ ìtàn àwọn ẹni mímọ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ wọn. Àìríkan-ṣe ni ó mú kí ó ṣí wọn.

Ó kà wọ́n títí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lára. Ó wá ìwé òfìfo, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ibi tí ó wù ú kọ sínú rẹ̀: ọ̀rọ̀ Krístì ní yíǹkì pupa, ọ̀rọ̀ Ìyá Rẹ̀ ní yíǹkì àwọ̀ aró, títí ìwé náà fi sún mọ́ ọ̀ọ́dúnrún ewé. Ó tún ṣàkíyèsí ohun kan nínú ara rẹ̀, èyí tí a fẹ́ kí gbogbo òbí fi sọ́kàn. Nígbà tí ó bá ń ro ogun àti obìnrin ọlọ́lá tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, inú rẹ̀ máa ń dùn, ṣùgbọ́n bí èrò náà bá ti kúrò, ọkàn rẹ̀ a gbẹ táútáú. Nígbà tí ó bá ń ro ohun tí Francis àti Dominic ṣe, inú rẹ̀ máa ń dùn bákan náà, ṣùgbọ́n ayọ̀ yẹn máa ń kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti pa ìwé dé. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń dá ẹ̀mí kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè ìbéèrè kan níhìn-ín. Ta ni ó fi ìwé méjèèjì wọ̀nyẹn sínú ilé Loyola? Ẹnìkan ti fi owó rà wọ́n, tàbí kí ó gbà wọ́n lẹ́bùn, kí ọta àgbá tó bà. Onítọ̀hún kò mọ̀ pé ẹnìkan yóò fara pa. Ohun tí ó ṣe kò ju pé ìwé wà nínú ilé lọ.

Ẹ tún wo kàlẹ́ńdà Ìjọ fún ìgbà ìsinmi yìí, ẹ óò rí i pé irú nǹkan báyìí pọ̀ nínú rẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ni ìrántí Mímọ́ Teresa Benedicta ti Àgbélébùú, ẹni tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Edith Stein, obìnrin Júù ará Jámánì, ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì, tí ó ti pa àdúrà tì láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nínú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1921, ó lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé wọn. Níbẹ̀ ni ó ti mú ìwé kan, ìtàn ìgbé ayé Mímọ́ Teresa ará Avila láti ọwọ́ Teresa fúnra rẹ̀, ó sì kà á tán. A batisí rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1922. Àwọn Násì pa á ní Auschwitz ní 1942, Póòpù John Paul Kejì sì kà á mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní 1998. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ẹ̀wẹ̀ ni ti Mímọ́ Augustine, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tiwa. Olùkọ́ ni ní Milan ní ọdún 386, ìsinmi ìgbà ìkórè èso àjàrà kò sì jìnnà mọ́, nígbà tí ó gbọ́ ohùn ọmọdé kan láti ilé kejì tí ń sọ lásọtúnsọ pé kí ó mú ìwé, kí ó kà á. Lẹ́tà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ni ó mú. Òun náà kò lọ rà á ní ọjọ́ yẹn. Ó ti wà nílẹ̀ nítòsí rẹ̀.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, «Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹ jẹ́ kí a kó gbogbo ìwé ìtàn àròsọ dànù, kí a kó ti àwọn ẹni mímọ́ kún ilé.» A ti dán an wò, ẹ̀yin ará. Ojú ń tì wá láti sọ bí ó ti rí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ní ìjọ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí níhìn-ín ní òkè Ọya, a ṣètò ìwé kíkà fún àwọn ọmọ nígbà ìsinmi. Àwa nìkan ni a yan ìwé, a kò bi ọmọ kankan léèrè. Ìtàn àwọn ẹni mímọ́ ni gbogbo wọn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn, ìwé àtijọ́ tí àwọn fadá òyìnbó fi sílẹ̀, tí lẹ́tà inú wọn kéré bí ẹsẹ̀ eèrà. Àwọn ọmọ ń yá wọn, wọ́n sì ń dá wọn padà lọ́jọ́ kejì. Àwọn ewé kan tí ó ti so mọ́ra wọn láti ilé ìtẹ̀wé ṣì so mọ́ra wọn síbẹ̀. Ẹni tí ó kà á dà?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a bá ọmọdékùnrin kan lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ pẹpẹ wa. Ó gbé ìwé lé orúnkún, kò tilẹ̀ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa. A rò pé ọ̀kan nínú ìwé tiwa ni, inú wa dùn. Nígbà tí a sún mọ́ ọn, Àjà Ló Lẹrù ni, ìwé tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tí ó jáde ní 1969. A kò tíì kà á rí. Pé ọ̀rọ̀ ọ̀daràn àti ọlọ́pàá wà nínú rẹ̀ ni a ti gbọ́, èyí sì ti tó wa. A gba ìwé náà, a sì sọ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìwé olè kò yẹ ọmọ pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó sọ ni pé, «Fadá, ẹ jọ̀wọ́ sà, ìwé bàbá mi ni.» A ní kí bàbá rẹ̀ wá gbà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni kò wá. Ìgbà náà ni kátíkíìsì wa sọ fún wa pé bàbá ọmọ náà ti kú láti ọdún tí ó ṣáájú. A ránṣẹ́ sí ilé wọn lójú ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú mìíràn.

Ó pẹ́ kí a tó lè ṣí ìwé náà. Ní alẹ́ tí a ṣí i, a kò sùn. Ọ̀daràn ni ìwé náà ń lépa, kì í ṣe pé ó ń kọ́ni ní olè. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ni ó ń dọdẹ àwọn oníṣẹ́ ibi kiri, Yorùbá inú rẹ̀ sì dùn dé ibi tí a fi ń dá nìkan rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Bàbá kan rí i pé ọmọ òun ń sọ Haúsá ní òde, tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé, ó sì fi ìwé yìí sílẹ̀ fún un. Àwa ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti mú ní àmúpadà. Ìjọ tìkára rẹ̀ ní àkójọ orúkọ àwọn ìwé tí a kà léèwọ̀, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1559. Ní 1966 ni a mú agbára òfin kúrò lórí rẹ̀, tí a sì fi ọ̀rọ̀ náà lé ẹ̀rí ọkàn àwọn onígbàgbọ́ lọ́wọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Póòpù Francis, tí ó ti dolóògbé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, kọ lẹ́tà kan lórí ipa tí ìwé ìtàn àti ewì ń kó nínú títọ́ ọmọ ènìyàn dàgbà. Àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà ni ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n ó wí pé gbogbo onígbàgbọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tí ó ń kọ́ni ní ilé ìwé àwọn Jésúìtì kan ní Santa Fe, ní Argentina, ní 1964 sí 1965. Ó ní láti kọ́ àwọn ọmọ ní El Cid, ìtàn akọni àtijọ́ ti ilẹ̀ Spéènì. Àwọn ọmọ kò fẹ́ ẹ. Ti García Lorca ni wọ́n fẹ́. Kò bínú. Ó ní kí wọ́n máa ka El Cid nílé, ní kíláàsì òun yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀ lórí àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n fẹ́ràn. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ọmọ náà fẹ́ràn ìwé kíkà dé ibi tí wọ́n ń fúnra wọn lọ bá àwọn ìwé mìíràn. Ìbá ṣe pé a ti ka lẹ́tà yẹn ní ogún ọdún sẹ́yìn!

Nítorí náà, màmá wa tí ó béèrè, ẹ gbọ́ èsì wa. Bí agbára yín bá mọ ní ìwé méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ọmọ yan ọ̀kan, kí ẹ̀yin yan èkejì. Ẹ mú un lọ́wọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ń tẹ́ ìwé àlòkù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ má kàn rà á wálé fún un. Ẹ ní kí ó ka ojú ewé kan sí yín létí níbẹ̀. Bí ó bá ń kọsẹ̀ ní gbogbo ìlà, ẹ dá a padà. Yóò dàgbà bá a. Èyí tí ẹ̀yin bá sì fẹ́ yàn, ẹ kọ́kọ́ kà á. Ẹ má ṣe bíi tiwa.

Bí ẹ bá bi wá léèrè pé kí ni kí ọmọ Yorùbá ní Sábóngàrí kà, a ó ní ìwé Yorùbá ni, ó kéré tán ọ̀kan. Ìwé Fágúnwà kò ní bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọ kankan. Láti 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde, ó sì ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín títí di òní. Àwọn ìyá ìjọ kan ti wá fi sùn wá pé iwin àti ẹbọra pọ̀ nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ìwàásù náà pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí olùkọ́ ilé ìwé ìjọ Áńgílíkà ni Fágúnwà, kì í sì í jẹ́ kí iwin kan kọjá láìfi ọ̀rọ̀ ìyànjú tì í. Nígbà tí a wà ní ọmọdé, àwọn ìyànjú wọ̀nyẹn ni a máa ń fò. Ó ti ń wù wá kà nísinsìnyí. J. F. Ọdúnjọ, tí púpọ̀ nínú wa fi Aláwíyé rẹ̀ mọ ìwé kà, olùkọ́ ilé ìwé Kátólíìkì ni. Ó kọ Kúyẹ̀ ní 1964, ìtàn ọmọ tí ojú rẹ̀ rí màbo. Fún àwọn tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀, Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní 1969 wà, ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ̀ pé àwọn kò sìn mọ́.

Ẹ óò ní àwọn ọmọ kò mọ àmì orí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òbí náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ni kò lè ka ojú ewé Yorùbá kan já láìdúró, a kò kàn fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́, ẹ tan àtùpà, kí bàbá ka ojú ewé kan, kí ìyá ka ọ̀kan, kí ọmọ ka ọ̀kan. Kí wọ́n fi bàbá rẹ́rìn-ín bí ó bá ṣì í kà. Bí ẹ bá pa á dé, ẹ má ṣe béèrè pé ẹ̀kọ́ wo ni ó kọ́ wọn. Olùkọ́ yóò béèrè ìyẹn bó pẹ́ bó yá. Ẹ béèrè pé kí ni ó kù sí wọn lọ́kàn. Ohun tí Ignatius bi ara rẹ̀ lórí ibùsùn nìyẹn.

Ní ti àwọn ọjọ́ àjọ̀dún wa, a kò fẹ́ dí ẹrù lé ọmọ lórí. Orí méjì àkọ́kọ́ nínú Ìhìnrere Lúùkù ti tó láti fi múra sílẹ̀ fún ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, tí a ń ṣe àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà Wúńdíá sí Ọ̀run. Bí ẹ bá sì rí ìwé kékeré kankan lórí Cyprian Michael Iwene Tansi, ẹ rà á. Ọmọ Aguleri ni, àlùfáà ni, ó di mọ́ńkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kú níbẹ̀ ní 1964. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1998, Póòpù wá sí Oba, lẹ́bàá Onitsha, láti kéde rẹ̀ ní Alábùkún fún. Ó dára kí ọmọ mọ̀ pé ẹni tí ó jẹ ẹ̀bà bíi tirẹ̀ wà nínú àwọn tí a ń ka ìtàn wọn.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ ìbí Ìyá wa Màríà. Ọjọ́ yìí kan náà ni UNESCO yà sọ́tọ̀ ní 1966 fún ọ̀rọ̀ mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà ní gbogbo àgbáyé. Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ náà, ọmọ tí ó bá fẹ́ yóò dìde nínú ìjọ wa, yóò sọ ìtàn inú ìwé kan tí ó kà, ní èdè tí ó bá wù ú. A kò ní dá a dúró, ìbáà ṣe ìtàn ẹni mímọ́, ìbáà ṣe ti iwin, ìbáà ṣe ti ọlọ́pàá. Yàrá ìwé wa yóò máa ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá ní ìwé tí ẹ kò lò mọ́ nílé, ẹ bá wa gbé e wá.

Ó ku ẹnìkan tí a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kí a tó dágbére. Ìwọ tí o ti jẹ́ ìránṣẹ́ pẹpẹ lọ́dọ̀ wa rí, tí o ti di ọkùnrin ní ibi yòówù tí o bá wà, bí ohùn wa bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, jọ̀wọ́, dárí jì wá. Ìwé bàbá rẹ wà lọ́wọ́ wa. Orúkọ wọn tí wọ́n fi bírò kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́ kò parẹ́, ibi tí o sì ká ewé sí ní ọ̀sán ọjọ́ náà ṣì wà bí o ti ká a.